Ojú Ìwé Kan Tí N Kò Kà fún Yéyé

Lọ́jọ́ tí a sin Yéyé, ìyá bàbá mi, ní Ìjan-Èkìtì, a pín ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún àwọn tó wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ ọ́. Ní ojú ìwé kẹta, ó kọ ọ́ pé Yéyé, ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, lọ sí ẹ̀kọ́ ní Adó, ó sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ àwọn aláboyún, nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan fi sùúrù ka gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ náà fún un. Nígbà tí ẹni tó ń kà á dé ibẹ̀, àwọn ará ilé yíjú sí mi. Ìyá kan tí n kò mọ̀ rí na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní irú mi ló yẹ kí èèyàn bí. Mo dorí kodò. Ó dájú pé wọ́n rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Èmi ni ọmọ-ọmọ náà. Mo ka ìwé fún un lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo kà, ìwé tí mo sì kà kọ́ ló gba ìwé ẹ̀rí fún un. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ ilé wa, kí ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé kẹta yẹn má baà di òótọ́ nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. N kò ní kọ ọdún tí wọ́n bí Yéyé tàbí iye ọmọ tó bí. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ìyẹn, kò sì ṣì í.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Yéyé, ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Èékánná rẹ̀ kì í gùn. Abẹ ló fi ń gé e, ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, lórí àpótí kan lẹ́yìn ilé ìdáná, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Agbẹ̀bí ni. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló jogún, ó sì ti ń gbẹ̀bí ní Ìjan kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó máa ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kó tó gbé ọmọ tuntun, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ti sọ lórúkọ. Ohun tó sì ń ṣe yìí, ó ń fi í ni àwọn ẹlòmíràn lára. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Àdébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, ó ní kí ìyàwó onílé wa lọ fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ-ọmọ tirẹ̀. Obìnrin náà bínú. Ó bi í léèrè bóyá ọwọ́ ẹni tó ni ilé náà ló dọ̀tí. Yéyé gbé omi àti ọṣẹ síwájú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ tuntun kò mọ ẹni tó ni ilé, ìyàwó wa. Ọwọ́ nìkan ló mọ̀.”

Èdè Ìjan ló ń sọ, kì í sì í yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni. Ilé tiwa, ulé ni tirẹ̀; iṣẹ́ tiwa, uṣẹ́ ni tirẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fẹ́ kí a máa sọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Yéyé kì í pe bàbá mi lórúkọ. “Tísà” ló ń pe ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, èmi kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ìyìn ni tàbí yẹ̀yẹ́. Bí ìwé ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ni mo ṣe kọ tirẹ̀ síbí. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá mi fi ohùn rẹ̀ kún un.

Ìjà rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, kì í fi í sílẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń lo yàrá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rọbí. Wòlíì ìjọ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, máa ń pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn aláboyún kí wọ́n lè bí wẹ́rẹ́. Yéyé bá a wí ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, lẹ́yìn ìsìn, níwájú àwọn alàgbà, ó kúnlẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, ó wá ní, “Wòlíì, ìyá ọmọ lè jẹ́jẹ̀ẹ́ ààwẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ kò tíì bá Olúwa ṣe àdéhùn kankan.”

Ìyá mi àti bàbá mi, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Ìtìjú ń ṣe mí nígbà tí Yéyé bá wọ aṣọ funfun rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, tó ń rìn láìwọ bàtà gba àárín Àdébáyọ̀. Fọ́ọ̀mù kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ti ilé ìjọsìn bọ̀, mo rí i tó ń bọ̀ lápá kejì títì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ tú, títí ó fi kọjá. Kò pè mí. Nígbà tí mo dé ilé, ó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ funfun náà, ó ti ká a. Ó ní, “Àjọkẹ́, gbé ẹsẹ̀ rẹ wá kí n bá ọ so bàtà náà, kó má máa tú lójú títì.” Ó so ó. Ó le dé ibi pé mo ní láti fi eyín tú u.

Ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Sísítà Adéọlá, wá sí Ìjan láti Adó, ó kó àwọn agbẹ̀bí jọ. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kan wà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kì í ṣe bí a ṣe ń gbẹ̀bí nìkan ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn, bí kò ṣe bí wọn yóò ṣe máa kó àwọn aláboyún ìlú wọn jọ, kí wọ́n máa kọ́ wọn ní oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n jẹ, ìmọ́tótó, àmì ewu, àti bí wọn yóò ṣe palẹ̀ mọ́ de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò yóò gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá ní in kò ní láṣẹ láti pe ẹnikẹ́ni jókòó kó sì máa kọ́ ọ.

Àwọn agbẹ̀bí yòókù ní kí wọ́n tó bí Sísítà náà ni àwọn ti ń gbẹ̀bí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. Yéyé nìkan ló jókòó. Ó ti kọjá ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Adó pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, bàbá mi bi í pé kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ìwé ṣe. Ó ní, “Tísà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí. Mo fẹ́ máa dé kí wọ́n tó ránṣẹ́.”

Yorùbá ni Sísítà fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọ́n ń kó fún wọn lọ sílé. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni, tàdáwà rẹ̀ sì máa ń ràn mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan wá ọmọ kan nínú ilé tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ní tiwa, èmi ni. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí mo jẹun tán, a ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú tó kọjú sí títì, èmi yóò kà, Yéyé yóò sì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìka rẹ̀ kan. Oúnjẹ wà lórí àtàǹpàkò ọ̀tún. Omi mímu wà lórí ìka tó tẹ̀ lé e. Bó bá fẹ́ rántí, á gbé ìka náà sókè, ọ̀rọ̀ á sì jáde bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, kò ní yọ, kò ní fi kún un. Ó ní òun ti fi gbogbo ohun tí òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjan. Èmi bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ẹni tó bá gbé igbá tó kún lọ sí odò, kí ló fẹ́ fi bu omi?”

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ìwé wọ inú ọ̀rọ̀ ara obìnrin. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ jáde lẹ́nu rí. Mo ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, Yéyé á ní kí n gbé ohùn sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Yéyé pa ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan jẹ. Obìnrin kan ti ń rọbí ní Ìjan láti àná, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Ọjọ́ tí kò lọ yẹn ni wọ́n kọ́ wọn nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára aláboyún. Nígbà tó padà dé, ó lọ gba ìwé ọjọ́ náà lọ́wọ́ Sísítà, ó sì gbé e fún mi ní ọ̀sán Sátidé. Ó ní kí n fara balẹ̀, nítorí pé òun kò sí níbẹ̀, ojú mi nìkan ni òun yóò fi rí i.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta wà lórí àtẹ̀gùn ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n wá ya ìwé jọ́gíráfì mi, wọn kò sì tíì fẹ́ lọ. Fúnkẹ́ wà lára wọn, ẹni tí gbogbo kíláàsì máa ń dúró de ohun tó máa sọ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìwé náà. Àwòrán obìnrin kan wà lókè rẹ̀, láti ìdodo dé itan. Mo ka ìlà kìíní, pé ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde lára aláboyún ní oṣù tó gbẹ̀yìn láìsí ìrora. Fúnkẹ́ fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàlàyé fún wa. Ibo gan-an ló ti ń jáde?”

Àwọn méjì tó kù bo ẹnu. Mo ṣẹ́ ìwé náà po kí àwòrán lè wà nínú. Mo rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí “ìsinmi” ní ìsàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà, nípa ẹsẹ̀ tó ń wú. Mo sọ fún Yéyé pé wọ́n ní kí irú aláboyún bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀, kó sinmi títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Mo ní ó parí.

Yéyé kò gbé ìka kankan. Ó bi mí, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Yéyé.”

“Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ìrora?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Yéyé.”

Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ìyàwó àbúrò òun ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ nítorí pé kò sí ibi tó ń dùn ún, ó sì kú kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Òun ló wẹ òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí òun bá ti rí irú rẹ̀, ọkọ̀ ni òun máa ń ní kí wọ́n wá, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òun kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lára. Ó wò mí. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó fún mi ní àyè láti padà. Fúnkẹ́ ṣì jókòó síbẹ̀. Mo ní ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà.

Yéyé gbé ìka tó tẹ̀ lé ọmọdínrín lọ́wọ́ òsì. Ó ní, “Ó dáa. Àwọn tó kọ ọ́ á ti rí ju èmi lọ.”

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Ohun tó wà lórí rẹ̀, tí mo kà fúnra mi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn náà, kò yàtọ̀ sí ohun tí Yéyé sọ láti inú orí rẹ̀: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án nínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín ọjọ́ náà àti ìdánwò. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé n ó sọ fún un lọ́la.

A ti gba ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, Yéyé sì ní kí n bá òun lọ. Gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn àwọn aláboyún ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fi àwọn aláboyún gidi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, agbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan á sì dìde kọ́ wọn bí ẹni pé ó wà ní ìlú rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó wá láti Àkúrẹ́ ló ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Èmi wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì.

Yéyé mọ̀ ọ́n kọ́ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tó dé orí oúnjẹ, ó bi àwọn aláboyún náà pé ta ló ń jẹ ẹran nínú ilé wọn. Wọ́n ní ọkọ àwọn ni. Ó ní kí wọ́n lọ wo ikùn bàálé náà dáadáa, bí wọ́n bá rí ọmọ níbẹ̀, kí wọ́n máa fún un lọ. Dókítà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Mo rò pé Yéyé ti yege.

Lẹ́yìn náà ni dókítà bi í pé bí aláboyún oṣù mẹ́jọ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ibì kankan kò sì dùn ún, kí ni yóò kọ́ ọ pé kó ṣe.

Yéyé gbé ìka tó tẹ̀ lé ọmọdínrín lọ́wọ́ òsì sókè. Ó ní kó dùbúlẹ̀, kó sinmi títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá.

Sísítà Adéọlá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà wí jẹ́jẹ́, “Ìyá, ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?”

Yéyé yíjú padà. Ó fi ojú wá mi láti orí bẹ́ǹṣì dé orí bẹ́ǹṣì títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó kọjú sí dókítà, ó ní, “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Etí mi ló ti gbó. Ohun tí wọ́n sọ kọ́ ni mo gbọ́.”

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní àgbàlagbà yìí ì bá jókòó sílé rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mí. N kò sọ fún un. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ lẹ́nu mi, pé èmi ni mo kà á bẹ́ẹ̀. Mo jókòó. Wọ́n pe orúkọ àwọn tó yege, Yéyé sì pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ra mọ́ínmọ́ín fún mi lọ́nà, ó ní n kò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a jókòó ti iyán, bàbá mi ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé ìwé kì í ṣe ẹrù àgbà. Yéyé ní òótọ́ ló sọ, ó sì fa ẹran inú àwo rẹ̀ sínú tèmi. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìjan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọdún kan gbáko ni kò fi lè pe aláboyún kankan jókòó. Àwọn agbẹ̀bí tó gbọn aṣọ wọn níjọ́sí ń bi í pé ìwé dà. Wòlíì, tí kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé ìwé Adó kọ Yéyé. Yéyé dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀ pé, “Kò kọ̀ mí, Wòlíì. Ó ní kí n padà wá ni.”

Ó padà lọ lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì, ó forúkọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dé sọ́dọ̀ wa mọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló ń wọ̀ láti Ìjan, á sì padà lọ́sàn-án. Mo lọ pàdé rẹ̀ níbi ẹ̀kọ́, mo ní n ó máa ka ìwé fún un. Ó gbá mi lórí jẹ́jẹ́, ó ní, “Ìwọ ní ìdánwò tìrẹ tí o ń múra sílẹ̀ fún.” Kò bínú. Ó ti rí ẹlòmíràn ni.

Bọ̀sẹ̀dé ni orúkọ ẹni náà, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan, tó wà ní ìwé kẹfà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí Ìjan ní Sátidé kan, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. Ó ń kàwé bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá mọ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan kí Yéyé lè mú un lọ bi Sísítà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń kà. Ojú ìwé tèmi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sọ ojú ara, ó sọ ilé ọmọ, ní ohùn tí wọ́n fi ń ka Bíbélì nílé ìjọsìn, láàárín àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bó ẹ̀gúsí, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Yéyé gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Àjọkẹ́, wọlé. Ó kù díẹ̀ kí a parí.”

Ó yege. N kò sí níbẹ̀. Sísítà sọ fún ìyá mi pé dókítà kan náà ló padà wá, ó sì tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Yéyé kò gbé ìka kankan sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ ohun tó wà nínú ìwé, ó wá sọ ti ìyàwó àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn, àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì sunkún.

Fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ló fi kọ́ àwọn aláboyún Ìjan ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó fi òfin kan kún ti ìwé, pé ọkọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ náà bá dé, á di ìkòkò omi mọ́ ọn níkùn pẹ̀lú ọ̀já, á ní kó rìn dé títì kó sì padà. Ọkùnrin kan, tó jẹ́ kàfíńtà, ráhùn ní àárín ọ̀nà pé ẹ̀yìn ń dun òun. Yéyé ní, “Tìrẹ á kúrò lára rẹ kí o tó lọ sílé. Tìyàwó rẹ ku oṣù mẹ́ta.” Wọ́n ní kàfíńtà náà ló ń pọn omi nílé títí ìyàwó rẹ̀ fi bímọ. Ó wá sí ìsìnkú Yéyé.

Èmi ti ní ọmọ mẹ́ta, mo sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, kí n tó lọ sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò ọyẹ́ ni. Yéyé jókòó sórí ẹní nínú oòrùn, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo ń bó ọsàn fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfò ohunkóhun: Fúnkẹ́, àwòrán, ìsinmi tó wà fún ẹsẹ̀ wíwú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi dákẹ́. Ó ń mu ọsàn rẹ̀ títí mo fi parí. Ó tu kóró ọsàn sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní òun ti mọ̀, láti ìgbà tí dókítà ti bi òun ní ìbéèrè.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ pé èmi ni.

Ó ní, “Kí n sọ pé ọmọdé ló ṣi àgbà lọ́nà? Ìwọ, ojú tì ọ́ lójú ọ̀rẹ́ rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́, ó yé mi. Èmi tí mo wẹ òkú ìyàwó àbúrò mi, tí mo wá dìde níwájú aláboyún, tí mo ní kó lọ sùn, nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ ọmọdé. Kí ni kí n pe tèmi?”

Láti ọjọ́ ìdánwò náà wá, mo ti rò pé èmi nìkan ni ìtìjú ọjọ́ náà wà fún. N kò mọ̀ pé mo fún òun náà ní tirẹ̀, àti pé ìyẹn ló ń gbé lọ gbé bọ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Ìjan sí Adó, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lójú ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ó wá bi mí, “Ta ni o ti sọ ọ́ fún?”

Mo ní òun nìkan ni.

Ó ní, “Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni kí o lọ sọ fún.”

Mo ní mo gbọ́. Ó tún lo ọdún mẹ́ta láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo sì ń lọ wò ó lóṣooṣù. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, ó máa ń wo ojú mi díẹ̀ kó tó kí mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.